Ẹ Má Tíì Ra Tọ́bò Mìíràn

ÌBÉÈRÈ: Passat 1.9 TDI tó ń lo dísẹ́lì ni mo fi ń kó aṣọ láti Iléṣà lọ sọ́jà ní Adó-Èkìtì. Láti bí oṣù kan sẹ́yìn, bí mo bá ti ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ńṣe ni agbára ọkọ̀ náà máa ń lọ sílẹ̀. Mo lè tẹ iná títí ẹsẹ̀ mi á fi kanlẹ̀, kò ní í yára. Èéfín dúdú á máa tú lẹ́yìn, mo sì máa ń gbọ́ "ṣììì" lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà mìíràn, iná ẹ́ńjìnì á tàn, ọkọ̀ á wá máa wọ́. Bí mo bá pa á tí mo tún un ṣí, á sàn díẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní tọ́bò ti kú, kí n lọ ra òmíràn ní ọjà Ládìpọ̀. Ẹnìkan tún sọ fún mi pé tọ́bò tó bá bàjẹ́ lè bú gbàmù lójú ọ̀nà. Ẹ̀rù ń bà mí, owó náà ò sì sí nílẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Èmi ni Ìyá Ìbejì, Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà, Ìyá Ìbejì, ẹ sì kú ìrìn. Bí ọ̀rọ̀ yín bá yé mi dáadáa, ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni bóyá tọ́bò ti kú lóòótọ́, àti bóyá ewu wà nínú kí ẹ máa wa ọkọ̀ náà lọ. Ẹ jẹ́ ká ti ìdí ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀. Àìlágbára lórí òkè, èéfín dúdú, ohùn tó ń ṣe ṣììì nígbà tí ẹ bá tẹ iná, iná ẹ́ńjìnì tó ń tàn tó tún ń kú: afẹ́fẹ́ tó ń jò ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Afẹ́fẹ́ lásán ni o. Kì í ṣe epo, kì í ṣe gáàsì ìdáná. Kò lè gbiná, kò sì lè bú gbàmù. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé họ́ọ̀sì kan ló là, tàbí kílíìpù kan ló tú. Tọ́bò yín lè wà láàyè kó máa ṣiṣẹ́ kárakára, kí iṣẹ́ rẹ̀ má sì dé ibi tó yẹ kó dé.

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kì í pẹ́ rí ibi tó ti ń jò, nítorí náà ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n ṣàlàyé. Ẹ́ńjìnì dísẹ́lì kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Ó máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí á fi gbóná gan-an, ìgbóná yẹn ló ń mú epo gbiná. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe pọ̀ tó níbẹ̀ ni epo tó lè jó tán ṣe máa pọ̀ tó, ibẹ̀ sì ni agbára ti ń wá. Ní ọdún 1905, ẹnjiníà ará Switzerland kan, Alfred Büchi, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n kan: kí èéfín tó ń jáde má lọ lásán, kí wọ́n fi yí fáànù. Orí ọgbọ́n yẹn ni tọ́bò òde òní dúró lé. Èéfín gbígbóná ń yí fáànù kan, irin kan so fáànù náà mọ́ èkejì, èkejì yìí ló ń fa afẹ́fẹ́ gba inú fíltà, tó sì ń tì í sínú ẹ́ńjìnì. Ó lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá fún pọ̀ báyìí máa ń gbóná, ìgbóná sì máa ń mú un fẹ̀, kì í jẹ́ kí èyí tó pọ̀ tó ráyè wọ ẹ́ńjìnì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń mú un gba íntákúlà kọjá (irú rédíétọ̀ kékeré kan tí afẹ́fẹ́ ti ń tutù) kó tó wọ ẹ́ńjìnì.

Láàárín tọ́bò, íntákúlà àti ẹ́ńjìnì, họ́ọ̀sì rọ́bà àti páìpù ló wà, kílíìpù ló sì dè wọ́n mọ́ra. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín wà. Alágbẹ̀dẹ tí ẹwìrì rẹ̀ bá lu lè fẹ́ ẹ títí apá á fi ro ó, iná kò ní í pọ́n. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé apá alágbẹ̀dẹ ló kú.

Èéfín dúdú yẹn náà nídìí. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́yìn fíltà tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó wọlé, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń lo ìwọ̀n rẹ̀ láti mọ epo tó lè tú sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti wọ̀n yìí ló wá ń jò kó tó dé ẹ́ńjìnì. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Ó tú epo tó bá ìwọ̀n àkọ́kọ́ mu, epo náà kò rí afẹ́fẹ́ tó máa fi jó tán, ó di dúdú, ó sì gba sáílẹ́ńsà jáde. Owó epo yín ló ń bá ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ yẹn. Sẹ́ńsọ̀ kejì wà tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tì lágbára tó lẹ́yìn tọ́bò. Bó bá rí i fún ìgbà díẹ̀ pé ohun tó dé kéré sí ohun tí wọ́n béèrè, kọ̀ǹpútà á tan iná, á sì dín agbára ọkọ̀ kù kí nǹkan má bàa bàjẹ́. Òun ló fi ń wọ́. Bí ẹ bá pa á tí ẹ tún un ṣí, ó gbàgbé, ó di orí òkè tó tẹ̀lé e.

Mi ò ní í bá mẹkáníìkì yín wíjọ́. Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́nà ni pé orí ìdúró ni wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá wà lórí sílò (tó ń dún jẹ́jẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni tẹ iná), tọ́bò fẹ́rẹ̀ẹ́ má ti nǹkan kan. Họ́ọ̀sì tó là kò ní í sọ̀rọ̀ lórí sílò. Mẹkáníìkì á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò ní í gbọ́ nǹkan kan, họ́ọ̀sì á dà bí èyí tó pé, ló bá ku tọ́bò nìkan láti dá lẹ́bi. Wọ́n á wá ra tòkunbọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ iye iṣẹ́ tó ti ṣe níbi tó ti wá, wọ́n á so ó mọ́ họ́ọ̀sì tó là náà, ọkọ̀ kò sì ní í gun òkè. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, torí owó ọjà ni ẹ̀yin oníṣòwò fi ń san irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi ojú wò ó. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá, òwúrọ̀ kí ẹ tó jáde ló dára jù, torí ẹ̀gbẹ́ tọ́bò tí èéfín ń gbà lè gbóná ju 500 díígírì lọ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti àkísà. Ẹ tẹ̀lé họ́ọ̀sì ńlá láti ẹnu tọ́bò dé íntákúlà, kí ẹ sì tẹ̀lé e láti íntákúlà dé ẹ́ńjìnì. Ọ́ìlì lẹ ń wá. Afẹ́fẹ́ inú páìpù yìí máa ń gbé ọ́ìlì díẹ̀ dání, èyí tó ń gba họ́ọ̀sì èémí wá (họ́ọ̀sì tí ẹ́ńjìnì fi ń mí afẹ́fẹ́ inú ikùn rẹ̀ jáde). Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń jò, ọ́ìlì á rin ibẹ̀, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bí gbogbo họ́ọ̀sì bá gbẹ tí ojú kan sì dúdú tó ń dán, ẹ dúró síbẹ̀ kí ẹ wò ó dáadáa. Ẹ fọwọ́ gba abẹ́ họ́ọ̀sì, torí ó lè là níbi tí ojú kì í dé. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ́ ọ díẹ̀. Ibi tó là á yanu.

Íntákúlà ọkọ̀ yín wà nísàlẹ̀ níwájú, lẹ́bàá bọ́ḿpà, níbi tí òkúta àti kòtò ọ̀nà wa ti lè lù ú. Ẹ wo ibẹ̀ náà. Ìsopọ̀ páìpù lára Volkswagen bíi Passat yín kì í sì í ṣe kílíìpù onískúrúù nìkan. Àwọn kan jẹ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń há mọ́ ẹnu páìpù, òruka rọ́bà kan sì wà nínú rẹ̀. Bí òruka náà bá ti gbó, tàbí tí ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kẹ́yìn kò tì í wọlé títí tó fi há, á jókòó jẹ́ẹ́ lórí sílò, á sì máa jò bí ìtì afẹ́fẹ́ bá ti dé.

Ẹ má fojú kéré họ́ọ̀sì tín-ín-rín. Lára tọ́bò yín, ọ̀pá kékeré kan wà tó ń pàṣẹ bí tọ́bò ṣe máa fẹ́ tó, ìfàmu afẹ́fẹ́ láti inú họ́ọ̀sì tín-ín-rín ló sì ń yí i. Kí ẹnìkan ṣí ọkọ̀, kí ẹlòmíràn wo ọ̀pá náà láti òkèèrè díẹ̀. Ó yẹ kó rìn bí ẹ́ńjìnì bá ti ṣí, kó sì padà sáyè rẹ̀ bí wọ́n bá pa á. Bí kò bá mira rárá, ó ṣeé ṣe kí họ́ọ̀sì yẹn ti ya tàbí kó ti yọ, ó sì wà lára ohun tí owó rẹ̀ kéré jù lọ nínú ọkọ̀ yín.

Bí ojú kò bá rí nǹkan kan, ẹ lọ bá fọ́gànáísà. Ìdánwò tó dájú jù ni kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ kún páìpù náà nígbà tí ẹ́ńjìnì kú tó sì tutù, kí wọ́n wá ibi tó ti ń jáde. Mẹkáníìkì yín á tú họ́ọ̀sì tó ti ara fíltà wá kúrò lẹ́nu tọ́bò. Á wá ìdérí páìpù oníke tí àwọn púlọ́ńbà ń lò, èyí tó bá ẹnu ibẹ̀ mu, á lu ihò kan sí i, á sì ki fáàfù táyà (ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ táyà) bọ inú ihò náà kó fún pinpin. Á de ìdérí náà mọ́ ẹnu tọ́bò. Fọ́gànáísà á wá fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, kó máa wo gééjì. Kó kọ́kọ́ dé 10, kó má sì kọjá 15 lórí gééjì tó fi ń wọn táyà. Táyà ọkọ̀ yín máa ń gba bíi 30 sí 35, ẹ rí i pé afẹ́fẹ́ tí a nílò kò ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kó kánjú.

Ohun kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé kí wọ́n tó fẹ́ ẹ. Họ́ọ̀sì èémí tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan máa ń já sí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé ẹnu tọ́bò. Bí ó bá já sí ẹ̀yìn ibi tí wọ́n fi ìdérí sí, tí wọn ò yọ ọ́ kí wọ́n dí ihò rẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbabẹ̀ wọ ikùn ẹ́ńjìnì níbi tí ọ́ìlì wà, ó sì lè ti síìlì (rọ́bà tó ń sé ọ́ìlì mọ́nú) jáde. Ẹ dúró tì wọ́n, kí ẹ rí i pé wọ́n dí i.

Ó wá ku omi ọṣẹ. Ẹ po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa á sára gbogbo ìsopọ̀, sábẹ́ họ́ọ̀sì, sára íntákúlà. Ibi tó bá hó, ibẹ̀ ni. Bí ojú ibẹ̀ bá fẹ̀, etí yín á ti gbọ́ ọ kí ọṣẹ tó débẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já bí gééjì bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí ẹ sì ń gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ nínú sáílẹ́ńsà. Fáàfù ẹ́ńjìnì (ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ àti èéfín ń gbà) lè wà ní ṣíṣí níbi tí ẹ́ńjìnì dúró sí, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Èyí tó ń fọ́n láti ara họ́ọ̀sì, ìsopọ̀ tàbí íntákúlà lẹ ń wá. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ní ẹ̀rọ tó ń fi èéfín kún páìpù kí ojú lè rí ibi tó ti ń yọ. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ nítòsí, ó dára, ṣùgbọ́n ìdérí oníke, fọ́gànáísà àti omi ọṣẹ tó iṣẹ́ yìí ṣe.

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kọ̀ jálẹ̀. Ẹlòmíràn á ní òun fẹ́ fín pẹtiróòlù tàbí omi ìfọ̀ kábúrétọ̀ sára họ́ọ̀sì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, kí òun gbọ́ bóyá ohùn ẹ́ńjìnì á yí. Ọ̀dọ̀ ọkọ̀ onípẹtiróòlù ni wọ́n ti kọ́ ìyẹn. Lẹ́yìn tọ́bò, afẹ́fẹ́ ń tì jáde ni, kì í fa nǹkan wọlé, nítorí náà kò ní í fi ohunkóhun hàn wọ́n; epo á kàn dà sórí irin gbígbóná ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ bo ẹnu tọ́bò nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Ó lè gé ìka.

Iná ẹ́ńjìnì náà ní ohun tó fẹ́ sọ. Kí rẹwáyà tó ní ẹ̀rọ síkáànù kà á, kó má tíì pa á rẹ́. Ó ṣeé ṣe kí nọ́ḿbà tí ẹ máa rí jẹ́ P0299 tàbí òmíràn tó jọ ọ́, tó ń sọ pé afẹ́fẹ́ tọ́bò kò tó iye tí kọ̀ǹpútà béèrè. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sọ pé tọ́bò kú. Bí ẹ̀rọ náà bá lè fi ìwọ̀n hàn lójú ìrìn, kí ẹlòmíràn wakọ̀, kí rẹwáyà máa kà á. Kí ẹ tó ṣí ẹ́ńjìnì, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ yẹ kó sún mọ́ 1,000 míílíbà (ohun tí wọ́n fi ń wọn ìtì afẹ́fẹ́), kó sì dín díẹ̀ ní ìlú tó wà lókè bí Iléṣà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ní gíà kẹta, tí ẹ bá tẹ iná dáadáa lórí òkè, ó yẹ kó gòkè dé bíi 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ohun tí kọ̀ǹpútà ń béèrè àti ohun tó ń rí gbà bá jìnnà síra, afẹ́fẹ́ ń sọnù lọ́nà, tàbí tọ́bò kò tì í. Omi ọṣẹ ló máa ṣèdájọ́ láàárín méjèèjì. Kí wọ́n máa pa nọ́ḿbà rẹ́ láìwá ibi tó ń jò, fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le bí ẹ bá ti rí ibẹ̀. Kílíìpù tó tú, ẹ yọ họ́ọ̀sì, ẹ nu ọ́ìlì kúrò nínú rẹ̀ àti lẹ́nu páìpù kó gbẹ táútáú, torí họ́ọ̀sì tí ọ́ìlì wà lẹ́nu rẹ̀ á tún yọ. Lẹ́yìn náà, ẹ dè é, kó má fún jù débi tí kílíìpù á fi gé rọ́bà. Òruka tó gbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Họ́ọ̀sì tó là lẹ́nu gan-an, bó bá gùn tó, wọ́n lè gé ibẹ̀ kúrò; èyí tó là láàárín, tuntun ni. Gọ́ọ̀mù, sẹ́lótéèpù àti rọ́bà túùbù tí wọ́n ń wé mọ́ ọn lè mú yín délé, wọn kò lè mú yín dé Adó: ooru, ọ́ìlì àti ìtì afẹ́fẹ́ á tú wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ ta họ́ọ̀sì sílíkóònù fún yín, ẹ béèrè èyí tí wọ́n ṣe inú rẹ̀ láti kọ ọ́ìlì, torí ọ́ìlì máa ń rin sílíkóònù lásán.

Bí gbogbo páìpù bá pé, tí ọ̀pá kékeré náà ń rìn, tí fíltà sì mọ́, nígbà náà ni kí ẹ yẹ tọ́bò wò. Kí mẹkáníìkì tú họ́ọ̀sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, kó fọwọ́ mi fáànù. Kó mì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kò burú, torí orí ọ́ìlì ni irin rẹ̀ ń yí lé. Bó bá ń lọ síwá sẹ́yìn, tí etí fáànù ń ha ara ilé rẹ̀, tàbí tí etí náà ti ya, tọ́bò ti bàjẹ́ nìyẹn. Èéfín búlúù tó nípọn àti ọ́ìlì tó ń tètè gbẹ náà jẹ́ àmì rẹ̀. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ẹ kàn mọ̀ ọ́n ni: tọ́bò tó ń da ọ́ìlì púpọ̀ sínú páìpù lè mú kí ẹ́ńjìnì máa sáré fúnra rẹ̀, kó má sì kú bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́. Bí gíà yín bá jẹ́ oní-kílọ́ọ̀ṣì, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹ fi ọkọ̀ sí gíà tó ga jù, kí ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, á kú. Kò sí ọ̀kan nínú àmì wọ̀nyí nínú lẹ́tà yín.

Ẹ lè máa wà á jẹ́jẹ́ nínú ìlú, láìsí ẹrù púpọ̀, títí wọ́n á fi tún un ṣe. Ẹ má fi gun òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹ má sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di oṣù mìíràn. Tọ́bò tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń jò á máa yí ju bó ti yẹ lọ láti dí àlàfo náà, ẹ̀dú èéfín á sì máa dì sínú rẹ̀, ohun tí kò kú lónìí á wá kú lóòótọ́. Bí iná pupa ọ́ìlì bá tàn, tàbí tí ẹ gbọ́ irin tó ń ha irin, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ pa á, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Ẹ mú ìwé yìí tọ mẹkáníìkì yín lọ, ẹ ní kó bá yín fi afẹ́fẹ́ dán páìpù wò kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ọjà Ládìpọ̀. Ẹ sanwó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn fún un dáadáa, torí iṣẹ́ gidi ni. Kó tó ṣe ìdánwò náà níṣojú yín, ẹ má san kọ́bọ̀ lórí tọ́bò.